Òṣìṣẹ́ Tí Ojú Kò Rí



Ní Igbogila, ẹni tó bá ń pọn omi lódò mọ̀ pé òkúta inú omi a máa yọ̀ bí ilá. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló kóra jọ síbẹ̀. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà 100, nǹkan bí 78 ni náítírójìn, ewéko kò sì lè lò ó bẹ́ẹ̀. Òmíràn nínú wọn ń sọ ọ́ di oúnjẹ ewéko. Òmíràn ń dá a padà sínú afẹ́fẹ́. Kò sẹ́ni tó ń yìn wọ́n.

Àwa ńkọ́? Láti ké Àlùkùránì níwájú èrò, a ó sáré. Láti pọn omi àlùwàlá, a ó fara pamọ́. Ṣekárími nìyẹn. Ọlọ́hun tó ń rí wọn lára òkúta ń rí wa. Kí Ó tún àníyàn wa ṣe. Àmín.