Àjàlá Jẹ Gbèsè: Ògúndá Méjì àti Àwọn tó Ra Ìpín Ọgbà Ìkànkọ̀

Bí ilé-iṣẹ́ kan bá rí iṣẹ́ ńlá gbà, ṣé ẹni tó ra ìpín rẹ̀ yóò jèrè? Láàárín ọdún 2019 sí 2024, ọ̀pọ̀ olùdókòwò kéékèèké ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Northern Ireland fi owó ara wọn dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n retí iṣẹ́, iṣẹ́ sì dé. Síbẹ̀, owó wọn ṣègbé. Ẹsẹ Ifá kan wà nínú Ògúndá Méjì tó tan ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ó fi hàn wá pé ìbéèrè tí wọ́n bi ara wọn kọ́ ló yẹ kó ṣáájú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́. Láti ọdún 1861 ni Harland & Wolff ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Belfast. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kan Titanic, tí wọ́n sì tì í sójú omi lọ́dún 1911. Nígbà tí ọgbà náà wà lójú ọpọ́n, òṣìṣẹ́ tó ń jẹun níbẹ̀ lé ní 30,000. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹjọ ọdún 2019, iṣẹ́ ti gbẹ, òṣìṣẹ́ tó kù kò ju ọgọ́rùn-ún àti díẹ̀ lọ. Àwọn wọ̀nyí ló jókòó ti ẹnu ọ̀nà ọgbà náà, tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní tì í pa. InfraStrata, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń gbèrò láti máa tọ́jú gáàsì sábẹ́ ilẹ̀ ní Islandmagee, ló wá rà á ní mílíọ̀nù 6 pọ́n-ùn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ra ọgbà Appledore ní Devon. Lọ́dún 2021, ó ra Methil àti Arnish ní Scotland, ó sì sọ ara rẹ̀ di Harland & Wolff. AIM ni wọ́n ti ń ta ìpín rẹ̀, ìyẹn apá ọjà ìpín London tó wà fún àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣì ń dàgbà.

Láti ìgbà náà ni àwọn tó ra ìpín ti ń ṣírò iṣẹ́ tó lè dé: irin ìpìlẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ tí ń fi afẹ́fẹ́ ṣe iná mànàmáná, àtúnṣe ọkọ̀ ìgbafẹ́, ọkọ̀ fún àwọn ológun ojú omi. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan àjọṣe ilé-iṣẹ́ mẹ́ta, Navantia UK, BMT àti Harland & Wolff, láti kan ọkọ̀ mẹ́ta tí yóò máa kó ohun ìjà àti oúnjẹ fún àwọn ọkọ̀ ogun. Owó iṣẹ́ náà jẹ́ bílíọ̀nù 1.6 pọ́n-ùn, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2023. Àwọn tó ń retí kò retí lásán.

Àmọ́ owó ní í ṣáájú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọgbà tó ti sùn ní láti ra ẹ̀rọ, kó gba òṣìṣẹ́, kó tún ilé ṣe, kí owó iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé dáadáa. Ilé-iṣẹ́ náà yá owó lọ́wọ́ Riverstone, ayánilówó kan láti Amẹ́ríkà, gbèsè náà sì lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù dọ́là. Ó bẹ ìjọba pé kó ṣe onídùúró fún òun láti yá 200 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba tuntun kọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yẹn gan-an, wọ́n ti dá títà ìpín rẹ̀ dúró nítorí pé ìwé ìṣirò owó ọdún 2023 kò jáde lásìkò. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n fa ilé-iṣẹ́ náà lé àwọn tí òfin yàn láti bójú tó ilé-iṣẹ́ tí gbèsè ti borí lọ́wọ́, wọ́n sì sọ ọ́ ní gbangba pé kọ́bọ̀ kò ní kan ẹni tó ra ìpín. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, Navantia UK ra ọgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan òṣìṣẹ́ kò pàdánù iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ ọkọ̀ mẹ́ta náà sì wà níbẹ̀.

Ọgbà kò kú, iṣẹ́ kò lọ síbòmíràn. Ẹni tó ra ìpín ló lọ lọ́wọ́ òfo.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí Ògúndá Méjì sọ, bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti gbà á sílẹ̀ lẹ́nu àwọn babaláwo. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń bọ̀ wá sáyé: Oríṣẹ́ẹ̀kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Wọ́n ní láti yan orí nílé Àjàlá, alámọ̀ tí ń mọ orí fún aráyé. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú débẹ̀, wọn kò bá Àjàlá nílé. Wọn kò lè dúró dè é. Wọ́n ní kí wọ́n fi yàrá tí orí wà hàn àwọn, wọ́n sì gbé èyí tó wù wọ́n. Wọn kò mọ̀ pé ọ̀kan kò tíì wọ iná, èkejì sì ti fọ́. Òjò pàdé wọn lọ́nà ayé, ó rọ̀ títí ó fi bó orí náà. Ìgbà tí wọ́n délé ayé, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe kò fojú jọ èrè, nítorí pé orí tó ti bó ni gbogbo èrè wọn ń bá wọn tún ṣe.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ baba rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó rúbọ, ó rú u. Owó àti iyọ̀ sì wà lára ohun tó mú dání lọ. Ó bá oníbodè kan lọ́nà tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un ní iyọ̀. Oníbodè yìí ló tú àṣírí fún un: Àjàlá jẹ gbèsè, bí olówó bá sì ti dé, inú àjà ló máa ń sá pamọ́ sí. Nígbà tí Afùwàpẹ́ débẹ̀, ó bá olówó lẹ́nu ọ̀nà lóòótọ́. Ó san gbèsè náà. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀ láti inú àjà, ó mú un wọ yàrá, ó ń fi ọ̀pá irin lu orí wò títí wọ́n fi rí èyí tó le. Òjò rọ̀ sórí Afùwàpẹ́ náà, kò rí orí rẹ̀ gbé ṣe.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ẹsẹ yìí ni pé Ifá kò sọ níbì kankan pé Àjàlá kò mọṣẹ́. Síbẹ̀, inú àjà ló wà nígbà tí oníbàárà dé, nítorí olówó. Belfast nìyẹn. Ta ló lè sọ pé ìlú tó kan Titanic kò mọ ọkọ̀ kàn? Ọ̀pọ̀ àwọn tó ra ìpín fẹ́ràn ọgbà náà tọkàntọkàn, wọ́n fẹ́ kí ó dìde, mi ò sì lè bá wọn wí nítorí ìfẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ iṣẹ́ kì í san gbèsè fúnra rẹ̀. Nínú òfin ilé-iṣẹ́, ayánilówó tó gba ohun ìdógò ló wà níwájú. Òṣìṣẹ́, ìjọba àti àwọn tó kó ọjà fún ilé-iṣẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹni tó ra ìpín ló gbẹ̀yìn pátápátá. Nítorí náà, kí a tó béèrè pé iṣẹ́ wo ló ń bọ̀, ká béèrè pé ta ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀kọ́ kejì wà lọ́wọ́ oníbodè. Ẹni tó ń ta orí kọ́, kò sì ní èrè kankan nínú èyí tí Afùwàpẹ́ bá gbé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ṣeé gbé ara lé. Nígbà tí àwọn tó ti ra ìpín kan náà bá ń bi ara wọn léèrè, ìrètí ni wọ́n ń pín fún ara wọn. Ìwé ìṣirò owó àti ìwé àdéhùn gbèsè ni oníbodè wa lónìí. Bí ìwé náà bá sì pẹ́ jáde, òun fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀: Àjàlá ti wọ àjà.

Ẹlòmíràn lè ní àwọn kan jèrè, àwọn tó tètè tà kí ọ̀rọ̀ tó bàjẹ́. Lóòótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó tà kí òjò tó dé kàn gbé orí tútù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ni. Ifá kò pe ìyẹn ní orí rere.

Ta wá ni Afùwàpẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Navantia UK ni mo kà á sí. Kò ra ọgbà kankan kó tó yanjú ọ̀rọ̀ owó. Òun àti ìjọba tún àdéhùn ọkọ̀ mẹ́ta náà ṣe, ó sì fowó ra àwọn ọgbà náà. Ẹni tó ní 500 pọ́n-ùn péré kò lè san gbèsè ọgbà ìkànkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹbọ tirẹ̀ wà, agbára rẹ̀ sì ká a. Kó fi ọ̀pá irin lu ohun tó fẹ́ rà wò kó tó gbé e: èló ni gbèsè rẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n gbọ́dọ̀ san án, ta ni yóò gbé owó kalẹ̀ kí iṣẹ́ tó mówó wọlé, kí ni ìpín mi yóò dà bí wọ́n bá tún tẹ ìpín tuntun jáde? Bí ìdáhùn kò bá sí, kó dúró. Bí kò bá lè dúró, kó má fi owó ọjọ́ ogbó àti owó ilé-ìwé ọmọ sí i. Ọ̀nà kan náà ni àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta náà gbà, òjò kan náà ló sì rọ̀ lé wọn lórí. Ìbéèrè tí ẹnì kan béèrè kó tó yan orí ló yà wọ́n sọ́tọ̀, owó tó sì fi tẹ̀ lé ìdáhùn rẹ̀.