Ẹ̀gbà Kì í Ṣe Ikú: Ta Ni Yóò Gbẹnu Sọ fún Wa?

 

Ọ̀rọ̀ tòní, ọ̀dọ̀ àwọn Ajogun la ó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ti jókòó níwájú ọpọ́n Ifá mọ orúkọ wọn: Ikú, Àrùn, Òfò, Ẹ̀gbà, Ọ̀ràn, Èpè, Ẹ̀wọ̀n, Èṣe. Mẹ́jọ ni wọ́n. Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn àgbà ka Ikú sọ́tọ̀, wọ́n ka Àrùn sọ́tọ̀, wọ́n tún wá ka Ẹ̀gbà sọ́tọ̀. Kí ló dé tí wọn ò pa wọ́n pọ̀? Ohun tí èmi rí níbẹ̀ ni pé ibì kan wà láàárín kéèyàn máa ṣe bó ṣe fẹ́ àti kéèyàn kú. Ẹni tí ẹ̀gbà mú kò tíì kú. Ó ń mí, ó ń jẹun, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé bírò mọ́, ẹnu rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹlòmíì sì wà tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ le koko, ṣùgbọ́n tí iyè rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, tí kò mọ orúkọ ọmọ tó bí mọ́.

Ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ nípa ìwé ìhágún. Ikú ni ìwé ìhágún ń dúró dè. Bí ẹni tó kọ ọ́ kò bá tíì kú, ìwé yẹn kò lè ṣe nǹkan kan. Kí wá ni a pèsè sílẹ̀ de Ẹ̀gbà? Ìbéèrè tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyí: ṣé ó tọ́ kéèyàn yan ẹni tí yóò máa ṣe ìpinnu fún un lọ́jọ́ tí kò bá lè ṣe é mọ́, nígbà tó jẹ́ pé orí oníkálukú ló yan ìpín tirẹ̀?

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Baba kan ní owó ní báǹkì, òun nìkan ló ń fọwọ́ sí i. Ó ṣubú ní balùwẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé e dé ọsibítù, wọ́n ní kí wọ́n san owó sílẹ̀. Owó baba pọ̀ ju ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ, ṣùgbọ́n báǹkì ní àfi kí baba fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i. Làwọn ọmọ bá ń yáwó kiri. Ọ̀kan nínú wọn tó mọ nọ́ńbà káàdì ATM baba ń lọ gbowó. Kò pẹ́, àwọn yòókù ní ó ń jalè. Bóyá ó jí i, bóyá kò jí i, kò sẹ́ni tó lè sọ, nítorí baba kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ, kò sì sẹ́ni tó ń kọ ìṣirò sílẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n gbé ìwé ilẹ̀ wá síbi bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n di àtàǹpàkò baba mú, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí yíǹkì. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọwọ́ baba ló tẹ ìwé yẹn, inú baba kò sí níbẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ níwájú òfin.

Fún àwa oníṣẹ̀ṣe, ọ̀rọ̀ náà tún ju owó lọ. Ọmọ ọ̀pọ̀ àgbà wa ló ti di onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí. Ìyẹn kì í ṣe ìjà. Àmọ́ lọ́jọ́ tí àgbà bá dùbúlẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀, ta ni yóò sọ fún nọ́ọ̀sì pé oúnjẹ báyìí, èèwọ̀ baba ni? Ta ni yóò ní kí wọ́n má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń lé ẹ̀mí òkùnkùn jáde lára èèyàn? Ta ni yóò tọ́jú ikin rẹ̀, tí wọn ò ní lọ dà á sí ààtàn?

Bí a bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nínú ilé, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń sọ ni pé, “Ẹ má fẹnu yín pe àìsàn.” Ó yà mí lẹ́nu pé ọmọ Awo náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Kí wá ni à ń dá Ifá fún? Bí Ifá bá ní kí ènìyàn ṣọ́ra fún Ẹ̀gbà, ṣé awo ló pe Ẹ̀gbà wá? Ó sọ ọ́ kí onítọ̀hún lè rúbọ nígbà tí ara ṣì le ni. Àwọn baba wa ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Arọ kò lè sáré, ìdí nìyẹn tó fi ní láti tètè mọ̀.

Èkejì ló le díẹ̀: ọ̀rọ̀ orí. Wọ́n á ní, “Orí mi ló yàn fún mi. Ṣé kí n wá gbé e lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ni?” Ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń dá Ifá. Ẹni tó wá kì í sábà sọ ohun tó bá wá fún awo. Á mú owó, á sọ̀rọ̀ sí i kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, á gbé e kalẹ̀. Òun àti orí rẹ̀ ló mọ ohun tó sọ. Awo á wá dá Ifá, á jẹ́ iṣẹ́ tí Ifá rán an. Awo kì í ṣe Ọ̀rúnmìlà, kì í sì í ṣe orí ẹni tó wá dá Ifá. Aṣojú ni. Bó bá fi tirẹ̀ kún un torí owó, ó ti ba awo jẹ́.

Ìtàn kan tún wà nínú Ìwòrì Méjì tí gbogbo wa mọ̀. Ọ̀rúnmìlà ń ṣọdún, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wá kí i, ṣùgbọ́n Ọlọ́wọ̀ tó kéré jù kọ̀, kò wí “àbọrú bọyè” fún baba rẹ̀. Inú bí Ọ̀rúnmìlà, ó fi ayé sílẹ̀. Ayé dàrú. Nígbà tí àwọn ọmọ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó padà, kò padà, ṣùgbọ́n ó fún wọn ní ikin mẹ́rìndínlógún, ó ní òun ni kí wọ́n máa bi léèrè bí wọ́n bá ń wá ire. Ẹ kíyè sí i: fúnra rẹ̀ ló fi ikin lé wọn lọ́wọ́, kì í ṣe pé wọ́n jà á gbà. Ó sọ iṣẹ́ tí ikin wà fún. Ikin kò sì di Ọ̀rúnmìlà, ohùn rẹ̀ ló ń gbé wá. Ohun tí aṣojú tòótọ́ jẹ́ nìyẹn. Orí ẹni ṣì wà lọ́rùn ẹni. Ọwọ́ àti ẹnu la yá a.

Àwọn lọ́yà náà mọ ìyàtọ̀ yìí. Ìwé tí wọ́n ń pè ní power of attorney, tí a ó pè ní ìwé aṣojú níbí, kì í sọ aṣojú di onínǹkan. Nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara ní 1993, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà sọ ọ́ kedere pé irú ìwé yìí kì í gbé ilẹ̀ láti ọwọ́ ẹnì kan sọ́wọ́ ẹlòmíì; àṣẹ láti ṣe nǹkan lórúkọ olówó rẹ̀ ló ń fúnni.

Àmọ́ ẹ gbọ́ o, ibí ni ewu wà. Lábẹ́ òfin tí Nàìjíríà jogún lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé aṣojú lásán máa ń kú lọ́jọ́ tí iyè ẹni tó ṣe é bá lọ, àyàfi irú èyí tí wọ́n ti gba owó lé lórí, bíi ti ẹni tó ra ilẹ̀. Ìdí ni pé aṣojú kò lè ṣe ohun tí ẹni tó rán an fúnra rẹ̀ kò lè ṣe mọ́. Nítorí náà, ọjọ́ tí a nílò ìwé yìí jù ló máa ń já wa kulẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn rí i, wọ́n ṣe òfin ní 1985 kí irú ìwé kan lè wà tí kò ní kú báyìí. Wọ́n tún un ṣe nínú òfin 2005, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2007. Ẹ̀yin èèyàn wa tẹ́ ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, Lasting Power of Attorney ni wọ́n ń pè é. Oríṣi méjì ni: ọ̀kan fún owó àti dúkìá, ìkejì fún ìlera àti ìtọ́jú. Nígbà tí iyè yín ṣì pé lẹ ó fọwọ́ sí i, ẹnì kan tí kì í ṣe aṣojú yóò jẹ́rìí pé ó yé yín, pé wọn ò sì fipá mú yín, ẹ ó wá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kó tó ṣeé lò. Òfin náà ní kí aṣojú ro ohun tí ẹ ti fẹ́ tẹ́lẹ̀ àti ìgbàgbọ́ yín mọ́ ìpinnu rẹ̀. Ìgbàgbọ́ yín o! Ẹ lè kọ èèwọ̀ yín sínú rẹ̀. Bí ẹ ò bá ṣe é, ilé ẹjọ́ ló lè yan ẹni tí yóò máa bójú tó nǹkan yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ lọ bá lọ́yà kó tó di ìgbà tí ara kọ̀. Ẹ bi í léèrè nípa àkáǹtì alájùmọ̀ní tí ẹnì kan lè dá fọwọ́ sí, àti nípa fífi dúkìá sábẹ́ alágbàtọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú àkáǹtì lè sọ pé tòun ni. Ẹ kọ èèwọ̀ yín, irú ìtọ́jú tẹ́ ẹ fẹ́, àti ẹni tí yóò tọ́jú ikin yín sílẹ̀, kí ẹ sì kà á sétígbọ̀ọ́ mọ̀lẹ́bí. Ẹni tí kò mọ̀wé kò gbọdọ̀ tẹ àtàǹpàkò sí ohunkóhun tí wọn ò kà fún un, kó sì yé e dáadáa.

Ta wá ni ká yàn? Àṣà wa máa ń tọ́ka sí dáódù. Dáódù lè dára, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí kọ́ là ń wá, ìwà ni. Èmi rò pé ọmọ tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí yóò sọ fún dókítà pé, “Màmá mi kì í jẹ èyí, èèwọ̀ Ifá rẹ̀ ni,” sàn ju ọmọ Awo tí yóò ta ilẹ̀ màmá lọ. Ohun tá a gbọ́dọ̀ bi ara wa ni pé: ṣé ẹni yìí lè jẹ́ iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò fẹ́ràn? Lóòótọ́, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Aṣojú gbọ́dọ̀ lo ọgbọ́n. Àmọ́ kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ẹni tó rán an.

Bí ẹ bá sì ti yàn án, ẹ sọ fún un. Ẹ sọ fún àwọn yòókù náà níṣojú rẹ̀. Ó lè dun àwọn kan, ṣùgbọ́n ìrora ọjọ́ kan sàn ju ìjà tí wọ́n á máa jà lórí bẹ́ẹ̀dì yín. Kí ó máa kọ gbogbo owó tó bá ná sílẹ̀. Bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n jẹ́ méjì, kí ọ̀kan máa ṣọ́ ìkejì.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má rò pé ti àwọn àgbà nìkan lèyí. Ọ̀kadà kì í bi èèyàn ní ọjọ́ orí kó tó gbé e ṣubú.

Kí Ẹ̀gbà má kan ilé wa o. Kí iyè wa pé dọ́jọ́ alẹ́. Bó bá sì di pé ẹlòmíì ní láti gbẹnu sọ fún wa, kó jẹ́ ẹni tí a yàn, kó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ wa ni yóò sọ. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.