Gíráíńdà Tó Ń Gbọ̀n

Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta, gíráíńdà àtijọ́ kan wà tó dàgbà ju àwọn ọmọ iṣẹ́ ibẹ̀ lọ. Òun ni wọ́n fi ń pọ́n bíìtì àti ṣísù. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n débi pé irin tí wọ́n ń pọ́n kì í dúró lójú kan.

Ọ̀gá ní òkúta rẹ̀ ló ti jẹ, ó sì ra tuntun lọ́jà. Ihò òkúta tuntun yìí tóbi ju ṣáfúùtì lọ, ni wọ́n bá fi páànù agolo wé ṣáfúùtì kó lè fún un. Òkúta náà tún fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò wọ inú ìbòrí irin, ni wọ́n bá tú ìbòrí sọ nù. Wọ́n fi òòlù lu sípánà kí nọ́ọ̀tì le dáadáa. Ẹ̀rọ ṣì ń gbọ̀n. Wọ́n ń lò ó bẹ́ẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ, kò sẹ́ni tó rántí pa súwíìṣì. Bí iná ṣe dé, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra rẹ̀, kò sì pẹ́ tí òkúta fi fọ́. Àfọ́kù kan lu òrùlé páànù, òmíràn bá ọmọ iṣẹ́ tó ń gbálẹ̀ lápá, egungun rẹ̀ ṣẹ́. Ọpẹ́ ni pé orí kọ́ ló bà.

Lórí iná tiwa, irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ a máa yí tó nǹkan bí ìgbà 2,900 ní ìṣẹ́jú kan. Etí òkúta tó fẹ̀ tó 200 mílímítà yóò máa sáré ju 100 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, bí ọkọ̀ tó ń sá lọ sí Ṣágámù. Ìbòrí tí wọ́n tú nù yẹn ló dùn mí jù, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti gba àfọ́kù dúró.

Nígbà tí wọ́n tú mọ́tò, bẹ́rìn ló ti jẹ tán. Ẹni tó bá yọ púlọ́ọ̀gì, tó di orí ṣáfúùtì mú, tó gbé e sókè sódò, ìbá ti mọ̀, torí ó ń mì lọ́wọ́. Bẹ́rìn méjì péré ni ẹ̀rọ náà ń fẹ́.

Ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òkúta tó fọ́ pa nínú àwọn tó ń pọ́n ọ̀bẹ. Nítorí náà, oníṣẹ́ tó gbọ́n a máa fi igi kan òkúta tó gbẹ kó tó dè é: bó bá dún gbọnrangandan, ó dára, bó bá dún pọ̀kọ̀, ó ti là nínú. Kó wo iye tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí eré ẹ̀rọ má jù ú lọ. Kó fi pépà sáàárín òkúta àti fíláńjì tó dì í mú, kó sì jẹ́ kí àlàfo tó wà láàárín òkúta àti ibi tí wọ́n ń gbé irin lé má ju 3 mílímítà lọ, nítorí bí òkúta ṣe ń jẹ ni àlàfo yẹn ń fẹ̀. Bó bá tan án, kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Ti súwíìṣì ni kò yẹ ká fojú kéré níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀. Oníná lè fi kọ́ńtákítọ̀ àti bọ́tìnnì sí gíráíńdà àtijọ́: bí iná bá lọ, kọ́ńtákítọ̀ yóò já ẹ̀rọ kúrò lára iná, bí iná bá sì dé, ẹ̀rọ kò ní yí àfi tí ènìyàn bá tẹ bọ́tìnnì. Ọ̀gá náà ti ṣe é báyìí, ó sì ti rọ ìbòrí tuntun.