Dísìkì Wo Ni Ó Yẹ Ohùn Ẹlòmíràn?

Bí ènìyàn bá dé iwájú ọlọ́jà tí ń ta ohun èlò kọ̀ǹpútà, tí ó ní dísìkì àgbéká ni òun fẹ́ rà láti fi ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ iṣẹ́ òun, ìbéèrè méjì ni ọlọ́jà yóò kọ́kọ́ bi í: èló ni ó fẹ́ ná, báwo ni àyè tí ó ń fẹ́ sì ti tóbi tó? Ìbéèrè gidi ni méjèèjì. Fún ẹni tí ó fẹ́ tọ́jú àwòrán ìgbéyàwó ara rẹ̀, wọ́n tó. Ṣùgbọ́n fún olùwádìí èdè, ìbéèrè kan wà tí ó ṣáájú wọn, tí ọlọ́jà kò lè bá a bèèrè: ta ni ó ni ohun tí a fẹ́ kó sínú dísìkì náà?

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní olùkọ́ yunifásítì kan lo ọdún mẹ́ta ní àwọn abúlé agbègbè Ọ̀yọ́, tí ó ń gba ẹkún ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá arúgbó. Ohùn wákàtí 40 ni ó kó délé. Àwọn ìyá náà kò gbà ju owó obì lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi í: “Ọmọ mi, ṣé kò ní sọnù?” Ó sì dáhùn pé, “Rárá o, Ìyá, kò ní sọnù.” Ìlérí ni ìdáhùn yẹn, bí ẹni tí ó sọ ọ́ kò tilẹ̀ kà á sí ju ọ̀rọ̀ ọmọlúàbí lásán lọ.

Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun ìní àti ohun àfipamọ́. Owó tí ó wà lọ́wọ́ alájọ kì í ṣe owó alájọ. Ìdí nìyí tí alájọ Ṣómólú fi di ẹni tí a fi ń yin olóye títí dòní: wọ́n ní orí rẹ̀ pé débi pé ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, tí ó sì san án fún olúkúlùkù láìṣì. Ṣùgbọ́n bí olè bá tilẹ̀ kó owó àjọ, ọ̀nà àtúnṣe wà. Alájọ lè ta ilẹ̀, ó lè ta ọkọ̀, kí ó fi san gbèsè náà, nítorí náírà kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Olùwádìí tí ó sọ ohùn ìyá arúgbó nù kò ní ohun tí yóò tà tí yóò fi san án. Níbi tí ẹ̀san kò bá ti ṣeé ṣe, gbogbo ẹrù bọ́ sórí ìtọ́jú.

Ẹ wo káàdì gàráńtì tí ó wà nínú páálí dísìkì. Bí dísìkì bá bàjẹ́ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Òfìfo ni òmíràn náà yóò dé. Ilé-iṣẹ́ kò purọ́; irin ni ó tà, irin náà ni ó dá padà.

Àwọn kan yóò ta ko èyí. Wọ́n á ní ẹnu àti orí ènìyàn ni lítíréṣọ̀ alohùn ń gbé, kì í ṣe inú irin. Pé bí ìyá kan bá kú, ọmọ rẹ̀ yóò sun ẹkún náà lọ́nà tirẹ̀, àti pé ìyípadà yìí gan-an ni ẹ̀mí lítíréṣọ̀ alohùn. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá bí a bá rántí pé àwọn babaláwo tọ́jú ẹsẹ Ifá fún ọ̀pọ̀ ìran láìlo bébà. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n wo ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀? Wọn kò fi í sí orí ẹnìkan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ọmọ awo ni ó kọ́ ẹsẹ kan náà ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ẹni tí ó bá gbàgbé sì lè rí ẹni tí yóò rán an létí. Bí olùkọ́ tí ó ní dísìkì kan ṣoṣo bá pe àṣà ọ̀rọ̀ ẹnu ní ẹlẹ́rìí, ẹlẹ́rìí náà yóò já a nírọ́.

Yàtọ̀ sí èyí, kì í ṣe gbogbo èdè ni ó ní ọmọ tí yóò jogún ẹkún. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, iná jó Museu Nacional ní Rio de Janeiro ní Brazil. Àkójọ lórí èdè àwọn onílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà wà lára ohun tí ó jóná, tí ó fi mọ́ ohùn orin ní èdè tí kò ní elédè kankan láyé mọ́. Kò sí abúlé tí ẹnikẹ́ni lè padà sí láti tún un gbà.

Irú dísìkì wo, nígbà náà? Oríṣi méjì ni ó wọ́pọ̀ lọ́jà. Ọ̀kan ní àwo pẹlẹbẹ tí ń yí nínú rẹ̀, ní ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, tí orí ìkàwé kan sì ń rá bàbà lókè rẹ̀ ní gíga tí kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìnípọn irun orí. Bí ó bá já bọ́ lẹ́nu iṣẹ́, orí náà lè ha àwo. Àwọn àgbà tí ó ní ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀ fífọ́ ní í fọ́, kò ní dísìkì lọ́kàn, ṣùgbọ́n òwe wọn bá a mu wẹ́kú. Èkejì ni SSD, tí kò ní ohunkóhun tí ń yí. Ó yá, ó sì lè fara da ọ̀nà gbágungbàgun. Àmọ́ owó rẹ̀ ga ju ti alálàwo lọ fún àyè kan náà, bí a bá sì tì í mọ́ àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfún un níná, ohun tí a kọ sínú rẹ̀ lè máa ṣá. Fún ìrìn-àjò, SSD ni ó tọ́. Fún inú àpótí, alálàwo tó. Nínú àwọn alálàwo pàápàá, kékeré tí ń gba iná lára kọ̀ǹpútà sàn ju ńlá tí ń fẹ́ iná ògiri lọ, níbi tí iná ti lè lọ láàrin ìkọsílẹ̀.

Ní ti àyè, ojú máa ń tóbi ju àìní lọ. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ láìfún un pọ̀, ní 48 kHz àti bit 24 fún etí méjèèjì, ń gba gígábáìtì kan ó lé díẹ̀ ní wákàtí kan. Wákàtí 40 kò ju gígábáìtì 42 lọ. Dísìkì tẹ́rábáìtì kan lè gbà á ju ìgbà ogún lọ. Fídíò ni ó ń jẹ àyè. Ẹni tí owó rẹ̀ bá tó ra tẹ́rábáìtì mẹ́rin yóò ṣe dáadáa bí ó bá ra kéékèèké méjì dípò rẹ̀, láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Dísìkì tí a bá pè ní tẹ́rábáìtì 16 ní owó pọ́ọ́kú, ayédèrú ni. Àwọn oníjìbìtì á mú ohun ìpamọ́ kékeré, wọ́n á kọ́ ọ láti máa parọ́ ìwọ̀n ara rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Fáìlì yóò wọlé, orúkọ wọn yóò hàn, ṣùgbọ́n bí àyè gidi bá ti kún, tuntun lè máa tẹ ti àtijọ́ rẹ́. Ètò ọ̀fẹ́ bíi H2testw àti F3 lè tú àṣírí rẹ̀ kí ohùn ẹnikẹ́ni tó wọ inú rẹ̀. Irú àdánù yìí burú ju ti dísìkì tí ó kú lójú ẹni lọ, nítorí ẹni tí ó sọ nǹkan nù kò mọ̀. Yóò ṣì máa dá àwọn ìyá lóhùn pé ó ń bẹ.

Síbẹ̀, kò sí dísìkì tí kì í kú. Ìlànà tí Peter Krogh, ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, sọ di mímọ̀ ni pé kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta, kí wọ́n wà lórí irú ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ibòmíràn. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni àwọn olùkọ́ máa ń fojú fò. Dísìkì mẹ́ta nínú dúrọ́ọ̀ kan, ẹyọ kan ni wọ́n lójú iná àti lójú olè. Nígbà tí àwọn jagunjagun gba Timbuktu ní Málì ní ọdún 2012, Abdel Kader Haidara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé àfọwọ́kọ lọ sí Bamako ní bòókẹ́lẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 2013, bí 4,000 nínú èyí tí ó ṣẹ́kù ní ilé-ẹ̀kọ́ Ahmed Baba jóná.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí: bí ẹ̀dà bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni etí tí ó lè gbọ́ ọ ń pọ̀. Nínú ẹkún ìyàwó, ọmọbìnrin lè dárúkọ orogún ìyá rẹ̀, kí ó sì tú àṣírí ilé. ELAR, tí ó wà ní SOAS ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ́lẹ̀, tí ó kó lọ sí Berlin ní Jámánì ní ọdún 2021, ń gba irú àkójọ báyìí, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tí ó kó o wá sọ ẹni tí ó lè gbọ́ ọ. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ìyá tí ó sun ẹkún ní abúlé kò lè mọ̀ pé ohùn òun yóò sọdá òkun, àfi bí a bá sọ fún un. Olùwádìí mìíràn á sá sí òdìkejì: á fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ti dísìkì pa, á sì fi ọ̀rọ̀ náà sí orí ara rẹ̀ nìkan. Ọjọ́ tí ó bá kú, ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá a lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ tì í pa kò gbọdọ̀ dá kọ́kọ́rọ́ ní. Ẹnìkejì gbọ́dọ̀ wà, ìyẹn ẹni tí àwọn ìyá náà mọ̀, tí wọ́n sì fọwọ́ sí. Ó sì yẹ kí ẹ̀dà kan wà ní ilé tí ohùn ti wá, lórí káàdì tí fóònù lè kà, bí kò tilẹ̀ dára tó ti inú dísìkì.

Èyí mú ìbéèrè kan wá tí ìlànà ẹ̀dà mẹ́ta kò dáhùn. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti ọdún 2023 gba ènìyàn láyè láti fa ìyọ̀ǹda rẹ̀ sẹ́yìn. Bí ọ̀kan nínú àwọn ìyá bá ránṣẹ́ pé kí wọ́n yọ ohùn òun kúrò, dísìkì ilé, dísìkì ọ́fíìsì, Berlin, àti káàdì ọwọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó ní láti gbọ́. Olùkọ́ tí kò kọ ibi tí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan wà àti ọjọ́ tí ó fi í ránṣẹ́ sínú ìwé kan kò ní mọ ilẹ̀kùn tí yóò kọ́kọ́ kàn.