Àwòdì Ha Jalè Bí?

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà ọyẹ́, mo dúró ní ọjà kan ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn alápatà gbé ń tà. Ìyá kan gbé àwo ẹran rẹ̀ rù, ó ń la àárín èrò kọjá. Lójijì òjìji kan bo orí wa. Kí a tó gbé ojú sókè, àwòdì ti já ẹran kan gbà nínú àwo náà, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ. Gbogbo ọjà bú sí ẹ̀rín, ẹlẹ́ran pàápàá sì rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí, ọmọdékùnrin kan tí ebi ti sọ di gbígbẹ na ọwọ́ sí àwo kan náà. Ẹ̀rín dá. Ariwo "Olè! Olè!" gba ọjà kan. Àwọn kan ṣa òkúta, àwọn mìíràn fa igi yọ. Èmi náà tí mo jẹ́ olùkọ́ ọmọdé kígbe pẹ̀lú wọn. Ojú ń tì mí bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Ìyá ẹlẹ́ran ni ó fi ara bo ọmọ náà, tí ó wí pé, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹyẹ gbé tirẹ̀, ẹ kò sọ ọ́ lókùúta. Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀!"

Èé ṣe tí a fi rẹ́rìn-ín sí ọ̀kan, tí a sì fẹ́ pa èkejì?

Ẹnìkan lè dáhùn pé àwòdì kò mọ òfin. Òótọ́ ni. Òkú ẹran, eku, eṣú àti ikán abìyẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀. A sì máa fò lọ síbi tí igbó bá gbé ń jó, láti ṣọdẹ àwọn kòkòrò tí ń sá fún iná. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa, tí ó ń kọ́ ìtẹ́ sórí igi gíga; bí òjò bá dé, ọ̀pọ̀ wọn a ṣí lọ sí ìhà àríwá. Ní ojú rẹ̀, àwo orí ènìyàn kò yàtọ̀ sí pápá. Ẹni tí kò mọ "tèmi" yàtọ̀ sí "tìrẹ" kò lè jalè. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ó jẹ̀bi, èmi kò sì ní pe ẹ̀bi rẹ̀ ní àre.

Ṣùgbọ́n ohun kan náà tí ó sọ ọmọ náà di ẹlẹ́bi ni ó yẹ kí ó gbà á lọ́wọ́ òkúta: ó ní ọkàn tí ó lè gbọ́ ìbáwí. Ẹni tí a lè dá lẹ́bi ni a lè kọ́. Bí a bá pa á, a ti kà á sí ohun tí ó kéré ju ẹyẹ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó burú jù. Bí àwòdì náà bá ti ṣẹ́ ní apá, tí ó sì bọ́ sí àárín wa, ǹjẹ́ a kò ní sọ ọ́ lókùúta? Mo gbà pé a óò sọ ọ́. Ǹjẹ́ kì í ṣe àánú ni ẹ̀rín wa. Ọwọ́ wa ni kò tó o. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a ń ṣe sí ènìyàn: ẹni tí ó kó owó ìlú, a ń dọ̀bálẹ̀ kí i, ẹni tí ó mú ẹyọ ẹran, a ń wá igi. Ìdájọ́ tí ó ń wo bí ẹni ti ga tó kí ó tó sọ̀rọ̀ kì í ṣe ìdájọ́ òdodo.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí òjìji àwòdì bá tún kọjá lórí yín, ẹ wò ó bí ó ti lẹ́wà. Lẹ́yìn náà kí ẹ wo ọwọ́ ara yín, bóyá òkúta wà níbẹ̀.