Ìrìn-àjò Òǹwòran

Ìbéèrè kan wà tí ó dà bí ìbéèrè ọmọdé, ṣùgbọ́n tí àgbà tí ó bá jókòó tì í yóò rí i pé kò rọrùn dáhùn. Ìbéèrè náà ni pé: ṣé ó tọ́ kí ènìyàn fi ara rẹ̀ sí ojú ọ̀nà ilẹ̀ wa yìí, ní òpin ọ̀sẹ̀, nítorí àtiwo bọ́ọ̀lù ní ìlú onílùú? N kò sọ ti agbábọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ o. Iṣẹ́ ni ó gbé tirẹ̀ lọ. Òǹwòran ni mo ń bá wí, ẹni tí kò ní fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, tí orúkọ rẹ̀ kò ní sí nínú ìwé rẹfirí, tí ó sì jẹ́ pé bí ó lọ, bí kò lọ, wákàtí kan àti ààbọ̀ náà ni wọn yóò fi gbá a.

Ní agbègbè wa níhìn-ín, láti Ìkéré dé Ìsẹ̀, títí kan Èmùré, Àbámẹ́ta kì í ṣe ọjọ́ tí ó ṣófo. Ọjọ́ ìsìnkú ni, ọjọ́ ìgbéyàwó ni. Ẹ dúró sí ẹ̀bá títì tí ó ti Adó gba Ìkéré lọ sí Àkúrẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ẹ ó rí ọkọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ tí ó kún fún àwọn tí ó da aṣọ ẹbí bora, tí gèlè wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òrùlé ọkọ̀. Kò sí ẹni tí í dá wọn dúró bi wọ́n pé, "Ṣé ó pọn dandan?" Ẹni tí ó ń lọ sin ìyá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìlọrin, àdúrà ni a ó gbà fún un pé kí Ọlọ́run mú un lọ, kí ó mú un bọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ kan bá dìde pé òun ń bá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilé-ẹ̀kọ́ òun lọ sí ìlú mìíràn, ẹnu gbogbo wa a là lẹ́ẹ̀kan náà: "Nítorí bọ́ọ̀lù? Ṣé kò sí tẹlifíṣàn ni?"

Ìyàtọ̀ yìí ni ó ń jẹ mí lọ́kàn. Ohun tí a ń sọ, bí a kò tilẹ̀ sọ ọ́ síta, ni pé bí iṣẹ́ tí ó gbé ènìyàn jáde bá ti wúwo tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti wà lójú ọ̀nà ṣe pọ̀ tó. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ẹni pé ọ̀nà pàápàá mọ̀ wá, pé ó ń yọ́nú sí ẹni tí iṣẹ́ pàtàkì gbé jáde. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kò mọ ẹnì kan. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ìpàdé ni àwọn ọba wa kan ti ń bọ̀ nígbà tí àwọn oníbọn dá wọn lọ́nà ní ìhà Ìkọ̀lé. Ọba méjì ni wọ́n pa níbẹ̀. Ní ọjọ́ kan náà gan-an, ní Èmùré tiwa, àwọn ajínigbé dá bọ́ọ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ kan dúró nígbà tí ó ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé, wọ́n sì kó ọmọ márùn-ún, olùkọ́ mẹ́ta àti awakọ̀ wọ igbó lọ. Àwọn ọmọ àti olùkọ́ gba ìtúsílẹ̀ ní ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn náà. Awakọ̀ kò padà wálé. Wọ́n ti pa á. Ìpàdé àwọn ọba kì í ṣe eré. Ilé-ìwé kì í ṣe eré.

Ti àwọn eléré ìdárayá náà sì wà níbẹ̀. Ní ọdún 2015, nígbà tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Kano Pillars ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Òwèrè, àwọn oníbọn kọlu bọ́ọ̀sì wọn lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà sí Àbújá, ìbọn sì ba márùn-ún nínú wọn. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 2025, àwọn tí ó ṣojú Ìpínlẹ̀ Kánò níbi Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-Èdè ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ń padà sílé. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé nígbà tí ọkọ̀ wọn já sí abẹ́ afárá. Àwọn tí ó kú lé ní ogún. N kò ka nǹkan wọ̀nyí láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mo kà wọ́n kí a lè mọ̀ pé ewu tí a fi ń dá òǹwòran dúró kì í ṣe ewu òǹwòran nìkan. Bí ó bá jẹ́ pé ewu nìkan ni a ó wò, àtilé-ìwé, àtààfin, àtọjà ni a ó tì.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ gbèjà òǹwòran kò gbọdọ̀ dúró síbẹ̀. Ọmọ gbọ́dọ̀ kàwé. Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ wo bọ́ọ̀lù ní ìlú onílùú. Kí ni ó wá ń lọ ṣe?

Ọ̀rọ̀ "ìlú onílùú" yìí pàápàá kò dúró sójú kan. Láti ọdún 1976 títí di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1996, abẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni gbogbo Èkìtì wà. Ará Ìkéré tí ó bá lọ wo bọ́ọ̀lù ní Àkúrẹ́ nígbà náà, olú-ìlú tirẹ̀ ni ó lọ. Nígbà tí ìjọba kéde ìpínlẹ̀ tuntun, Àkúrẹ́ di ilé onílé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kò gùn sí i, tí òkè Olósùnta kò sì ṣí kúrò níbi tí ó wà. Kì í ṣe jíjìn ni ó ń sọ ibì kan di ilé onílé. Ibi tí ariwo kò bá ti jẹ́ tiwa ni.

Ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé ju bí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ gbá a lọ, a máa kó ìdílé odidi sínú ọkọ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. Pápá yunifásítì tí ó wà ní Ann Arbor nìkan gba ju ènìyàn 100,000 lọ. Tiwa kò tó bẹ́ẹ̀. Ìdíje yunifásítì tí wọ́n ń pè ní HiFL, níbi tí ẹgbẹ́ ti ń gbá a nílé tí wọ́n sì ń lọ gbá a nílé onílé, ọdún 2018 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń sanwó wọ ilé ìwòran lálaalẹ́ Àbámẹ́ta, tí wọ́n ti ń pariwo Arsenal tàbí Chelsea láti bí ogún ọdún, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì dúró lẹ́bàá pápá kan ní Àkúrẹ́ rí. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n Arsenal kò gbọ́ ariwo wọn.

Ọ̀dọ́kùnrin kan nínú agboolé wa, akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìhà wa, wá bá mi lọ́jọ́ kan. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí owó ọkọ̀. Oǹdó ni a ń lọ."

Mo bi í pé, "Ta ni ó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú yín?"

Ó ní, "Kò sí, Bàbá. A fẹ́ lọ dúró tì wọ́n ni."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú mi ronú. Nínú èdè wa, òǹwòran kì í ṣe orúkọ iyì. Ọmọ tí a rán níṣẹ́ tí ó lọ ń wòran lọ́nà, ẹgba ni í jẹ. Ṣùgbọ́n dídúró ti ènìyàn, ohun tí a ń ṣe fún ọlọ́fọ̀ ni, ohun tí a ń ṣe fún aláìsàn ni. Ẹni tí ó dúró ti ọlọ́fọ̀ kò lè jí òkú. Ẹni tí ó jókòó ti aláìsàn lè má mọ ewé kan. Síbẹ̀ a kì í sọ pé asán ni wọ́n wá ṣe. Ẹ ro ti ọmọ mọ́kànlá tí wọ́n wà láàárín èrò tí kò fẹ́ ire fún wọn. Bí wọ́n bá jẹ gbá, gbogbo pápá a hó yèè lé wọn lórí. Bí àwọn náà bá gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, gbogbo ibẹ̀ a dákẹ́ wẹ́lo, àfi bí ènìyàn mẹ́rìnlá bá wà ní igun kan tí wọ́n ń fò sókè. Àwọn mẹ́rìnlá yẹn ni kò jẹ́ kí ayọ̀ wọn di ayọ̀ adití. Àǹfààní kejì wà tí ó tún jẹ́ ti òǹwòran fúnra rẹ̀: ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni í ní kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Nítorí náà, ní tèmi, ìrìn-àjò ayọ̀ ní ẹ̀tọ́ ojú ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí ìrìn-àjò ìbànújẹ́ ti ní in, bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan wà ní òpin ọ̀nà náà tí ó nílò wa. Ṣùgbọ́n èèyàn laṣọ mi tí a ń wí yìí, ojú méjì ni ó ní. Àwọn tí ènìyàn jẹ́ aṣọ fún nílé wà bákan náà. Ìyá tí ó ta iṣu láti san owó ilé-ẹ̀kọ́ ní ìpín nínú ara tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ gbé sínú bọ́ọ̀sì. Ọmọ tí ó lọ láìsọ fún un ti ná ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, kódà bí ó bá lọ tí ó sì bọ̀ láyọ̀. Mo sọ èyí fún ọ̀dọ́kùnrin náà, ó sì gbà.

Ohun tí kò tíì rò ni ti awakọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ ẹgbẹ́ wọn. Ó yé mi. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ní iṣẹ́ tiwọn. Nínú gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀, awakọ̀ nìkan ni kò bá ẹnikẹ́ni yàn án. Ẹni tí ó sanwó ni ó yàn án fún un. Bí eré bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́rin, ó di nǹkan bí agogo mẹ́fà kí ó tó parí. Kí wọ́n tó jó tán tàbí kí wọ́n tó bínú tán, ilẹ̀ ti ṣú, bẹ́ẹ̀ ni Àkúrẹ́, Ìta-Ògbólú àti Ìjù ṣì wà níwájú kí wọ́n tó dé Ìkéré. Wọn yóò máa kọrin lẹ́yìn, àwọn kan yóò sùn lọ, òun ni yóò máa wo òkùnkùn.

Mo fún un ní owó náà. Mo ní kí wọ́n lọ dá tiwọn kún un títí yóò fi tó ibi tí awakọ̀ àti àwọn fúnra wọn yóò sùn sí ní Oǹdó, kí wọ́n sì gbéra ní òwúrọ̀ Àìkú. Bí kò bá tó, kí wọ́n dá owó mi padà, kí wọ́n sì bi àwọn agbábọ́ọ̀lù ní àbájáde lórí fóònù.