Káàdì Ìlera Kò Ní Ẹsẹ̀

Ẹ̀yin ará wa, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a jọ fi òye gbé yẹ̀wò: bí a bá ti san owó ìwòsàn ẹnì kan sílẹ̀, ṣé yóò lọ yẹ ara rẹ̀ wò kí àìsàn tó dé, tàbí yóò jókòó títí àìsàn yóò fi gbé e ṣánlẹ̀?

Bàbá ọmọ kan ní ilé kéwú wa ní káàdì ìnṣọ́ránsì ìlera. Inú àpótí ni ó tọ́jú rẹ̀ sí. Nígbà tí mo ní kí ó lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Alfa, ara mi le. Ẹjọ́ wo ni mo fẹ́ lọ rò fún dókítà?" Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé aláìsàn nìkan ni ó ní iṣẹ́ ní ọsibítù. Bẹ́ẹ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ọlọ́gbọ́n ń tún òrùlé rẹ̀ ṣe.

Àwọn kan ní owó nìkan ni ìdènà. Ẹ jẹ́ kí a wo Oregon ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2008, ìjọba ibẹ̀ fẹ́ fi ènìyàn kún ètò ìlera àwọn tálákà. Nǹkan bí 90,000 ènìyàn ni ó forúkọ sílẹ̀. Àyè kò tó, wọ́n sì ṣẹ́ gègé. Àwọn tí ó rí ètò náà gbà lọ fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọmú àti ti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, a kò rí ìyàtọ̀ tí ó dájú nínú ẹ̀jẹ̀ ríru wọn.

Nílé níbí, ètò irú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ṣọ́ńgà, ìpínlẹ̀ Kwara, ní ọdún 2007. Ará abúlé san díẹ̀, àwọn ará Netherlands àti ìjọba ìpínlẹ̀ sì fi kún un. Nígbà tí ó dé agbègbè Afọ̀n, àwọn olùwádìí yẹ àwọn ẹlẹ́jẹ̀ ríru wò ní 2009, wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò ní 2011. Níbi tí ètò wà, ìwọ̀n tòkè fi nǹkan bí 10 wálẹ̀. Níbi tí kò sí, nǹkan bí 5 ni. Ẹ má gbàgbé pé wọn kò pín káàdì lásán: wọ́n tún ilé ìwòsàn ṣe pẹ̀lú.

Nítorí náà, èrò mi ni pé ìnṣọ́ránsì ń ṣí ilẹ̀kùn, kì í ti ènìyàn wọlé. Láti ọdún 2022 ni òfin Nàìjíríà ti sọ ọ́ di dandan, ṣùgbọ́n òfin kò lè rìn fún wa. Kí a má sì dá tálákà lẹ́bi jù: ẹni tí yóò pàdánù ọjà òòjọ́ àti owó mọ́tò kí ó tó rí dókítà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó yẹ kí àyẹ̀wò súnmọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹni tí àyè gbà, tí ó kọ̀, kò dára rẹ̀ nìkan lóró. Owó àjọ ni owó ìnṣọ́ránsì. Ẹni tí ó bá jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru di rọpá-rọsẹ̀ yóò kó púpọ̀ nínú ohun tí ó yẹ kí ó tó gbogbo wa. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Amánà ni ara, amánà sì ni owó àjọ.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní àlàáfíà àti ọgbọ́n láti tọ́jú rẹ̀. Àmín.